Aago Mẹ́ta Inú Géèmù Eré Ọkọ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Tún Irinṣẹ́ Fídíò Rẹ̀ Ṣe

Ẹnìkan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wa ọkọ̀ lórí máàpù kan ṣoṣo kí ó tó rí i wà bó ṣe fẹ́. Ọkọ̀ fò lórí gegele, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè, ó balẹ̀, ó gba kọ́nà láì fọwọ́ kan bíréèkì. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ fi han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe géèmù náà. Ó ṣí apá tí wọ́n ti ń ṣe fídíò, ó gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ gegele, ó ní kó máa yà á. Ohun tó jáde kò jọ ohun tó wà. Ọkọ̀ ń ta kìjí bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi ń fà á, èéfín táyà kò sí níbẹ̀ rárá, ìró ẹ́ńjìnnì sì han gooro lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kámẹ́rà yí padà. Ó pa irinṣẹ́ náà tì. Èmi gan-an ni ẹni náà, láti ìgbà yẹn ni mo sì ti ń tú irú irinṣẹ́ yìí palẹ̀ tí mo ń tún un tò, torí ó dùn mí pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń ṣe géèmù eré ọkọ̀, tàbí tó ń ṣe mod (àfikún tí ẹlòmíràn kọ) fún èyí tó wà nílẹ̀, tó fẹ́ kí àwọn awakọ̀ rẹ̀ lè ṣe fídíò gidi láì kúrò nínú géèmù. Èrò náà ti pẹ́. Ní 1989, géèmù Hard Drivin' ti Atari Games máa ń fi ìjàǹbá han awakọ̀ lẹ́ẹ̀kejì láti ìta ọkọ̀. Driver, tó jáde ní 1999, fún àwọn ènìyàn láyè láti to kámẹ́rà tiwọn sórí ohun tí wọ́n ti wà. Àwọn géèmù TrackMania ti Nadeo, ní ilẹ̀ Faransé, ní MediaTracker, níbi tí kámẹ́rà, ọ̀rọ̀, àwọ̀ àti ìyára àkókò ti ń jókòó sórí ìlà kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tiẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú kí a tó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta ló wà nínú irinṣẹ́ yìí. Aago eré ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ ti sá. Aago fídíò ń sọ ibi tí a dé nínú fíìmù tí a ń tò. Aago kọ̀ǹpútà ni aago gidi, irú èyí tó wà lára ògiri. Nígbà tí ènìyàn bá ń wa ọkọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń rìn pọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ kóòdù fi ń lo èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà. Tó bá di ọ̀rọ̀ fídíò, wọ́n gbọ́dọ̀ pínyà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àléébù tí ẹ máa bá pàdé jẹ́ ibi tí kóòdù ti bèèrè àkókò lọ́wọ́ aago tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ohun tí géèmù ń kọ sílẹ̀

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: bí àkọsílẹ̀ eré fúnra rẹ̀ kò bá péye, kò sí kámẹ́rà tó máa gbà á là.

Ọ̀nà méjì ni géèmù ń gbà pa eré mọ́ fún àtúnwò. Ọ̀nà kìíní ni kí ó kọ ohun tí ọwọ́ awakọ̀ ṣe nìkan: ó yà sí òsì, ó mú eré pọ̀ sí i, ó tẹ bíréèkì. Nígbà àtúnwò, géèmù á tún físíìsì, ìyẹn ìṣirò bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí géèmù Doom ṣe ṣe é ní 1993 nìyẹn, ó ń ka ọwọ́ ẹni tó ń ṣe géèmù ní ìgbà 35 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Físíìsì Trackmania ń rìn ní ìgbà 100. Fáìlì irú èyí kéré gan-an, ó sì dára láti fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá awakọ̀ kò rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí físíìsì fún wa ní ìdáhùn kan náà ní gbogbo ìgbà, lórí gbogbo ẹ̀rọ. Nọ́ńbà onídẹ́símà lè yàtọ̀ díńkín ní ìdí rẹ̀ láàárín kọ̀ǹpútà méjì, tàbí láàárín ètò méjì tí wọ́n fi tú kóòdù kan náà. Ìyàtọ̀ tí kò tó irun orí yẹn á máa gbilẹ̀, títí ọkọ̀ tó gba kọ́nà dáadáa lánàá á fi forí sọ ògiri lónìí. Ọjọ́ tí ẹ bá sì tún bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú ṣe, gbogbo àtúnwò àtijọ́ bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà kejì ni kí ó kọ ibi tí ọkọ̀ wà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ibi tí ó wà gba báìtì 12, bó ṣe kọjú gba 16, ìyára rẹ̀ àti ibi tó forí lé gba 12, táyà àti ẹ́ńjìnnì gba nǹkan bí 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Tí a bá kọ ọ́ ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ kan á gba báìtì 72,000 fún ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò ju mílíọ̀nù báìtì 3.6 lọ, iye tí fọ́tò kan lórí fóònù lè jù. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ pa méjèèjì mọ́: ọwọ́ awakọ̀ fún ẹ̀rí, ibi tí ọkọ̀ wà fún fídíò.

Ìgbà 20 yìí ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 200 km/h ń rin mítà 55.6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà nǹkan bí mítà 2.8 ló wà láàárín àkọsílẹ̀ kan àti èkejì. Bí ẹ bá kàn fa ìlà gbọọrọ láti ọ̀kan sí èkejì, ọkọ̀ tó ń yí kọ́nà á máa rìn ní igun-igun. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìyára àti ibi tó forí lé mọ́ ọn: ẹ fi wọ́n ṣe ìlà tó tẹ̀, irú tí àwọn oníṣirò ń pè ní Hermite, ó máa yí kọ́nà bí ọkọ̀ ṣe ń yí i.

Gegele ni ibi tí ìlà títẹ̀ náà ti ń purọ́. Ọkọ̀ ń já bọ̀, àkọsílẹ̀ kan mú un nígbà tó ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e mú un nígbà tó ti kanlẹ̀ tó sì ti ta sókè díẹ̀. Ìgbà tó kanlẹ̀ gan-an kò sí nínú ìwé. Ìlà títẹ̀ á wá gbé táyà wọ inú ilẹ̀, tàbí kí ó gbé e kọjá láì kan ilẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ìkanlẹ̀ yẹn gan-an ni awakọ̀ fẹ́ fi han ayé. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí géèmù kọ àkọsílẹ̀ àfikún méjì nígbàkígbà tí táyà bá fi ilẹ̀ sílẹ̀, tó bá padà kàn án, tàbí tí ara ọkọ̀ bá gbá nǹkan: ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ìlà sì gé síbẹ̀.

Táyà náà ní tiẹ̀. Táyà tí ìdajì ìwọ̀n-inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 33 ń yí tó ìgbà 27 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí eré yẹn, ìyẹn ni pé ó ti yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí àkọsílẹ̀ kejì tó dé. Bí ẹ bá kọ igun táyà sílẹ̀ láàárín 0 sí 360 nìkan, àtúnwò kò ní mọ̀ bóyá ó yí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ó yí padà sẹ́yìn. Ẹ kọ àpapọ̀ igun tó ti yí láti ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya aago kúrò lára aago

Nígbà tí irinṣẹ́ bá ń tẹ fídíò jáde ní fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tí fídíò ní) 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fírémù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá 60 ìṣẹ́jú àáyá lórí aago fídíò, ì báà gba kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti yà á tán. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára lè ṣe fídíò tó mọ́ bíi ti ẹlòmíràn nìyí: ó kàn máa dúró pẹ́ ju ẹlòmíràn lọ ni. Ìdí nìyí náà tí mi ò fi gbà pé kí irinṣẹ́ máa ká ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Gbogbo ìkọsẹ̀ kọ̀ǹpútà ló máa wà nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa rí ibi tí aago ti dàrú rọrùn. Ẹ lọ sínú kóòdù, ẹ fi ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá méjì kún fírémù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá tẹ fídíò kékeré kan jáde. Ẹ wò ó. Ọkọ̀ máa rìn dáadáa, ṣùgbọ́n àsíá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á máa fì bí ẹni orí rẹ̀ ti gbóná, àwọn òǹwòran á máa fò sókè sódò láì dúró, omi á máa hó. Gbogbo ohun tó bá ń sá eré àsápajúdé nínú fídíò yẹn ló ń ka aago kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fà wọ́n lé aago eré lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tí èrè rẹ̀ yá tó o.

Lẹ́yìn náà ni ẹ wá so aago eré mọ́ aago fídíò. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ń bèèrè ìyára lọ́wọ́ òǹlò: níbí yìí kó máa rìn ní ìdajì, níbí ní ìdá mẹ́rin. Ó dára, ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá yí ìyára ibì kan padà, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún kúrò láyè wọn, kámẹ́rà tó ti tò sílẹ̀ kò ní bá ọkọ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn kí òǹlò kan àmì mọ́ ọn pé nígbà tí fídíò bá dé ìṣẹ́jú àáyá 4, kí eré wà ní 12.3, nígbà tí fídíò bá dé 7, kí eré wà ní 12.9. Irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé ibẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ní ìdá márùn-ún ìyára gidi. Ohun tó ti dúró kò ní mì. Èyí tún ń jẹ́ kó rọrùn láti mú kí ọkọ̀ kanlẹ̀ lórí ìlù orin gẹ́lẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Kámẹ́rà

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ibí náà ni òǹlò ti máa mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe irinṣẹ́ fẹ́ràn òun.

Òǹlò ń fi àmì sí ibi tí kámẹ́rà máa wà nígbà kan, ó tún fi sí ibòmíràn, irinṣẹ́ á wá rìn láàárín wọn. Bí ìrìn yẹn bá jẹ́ ìlà gbọọrọ, kámẹ́rà á máa ta kìjí ní àmì kọ̀ọ̀kan, torí ojijì ni ibi tó forí lé á yí padà. Ìlà Catmull-Rom, tí Edwin Catmull àti Raphael Rom gbé jáde ní 1974, ń la gbogbo àmì kọjá láì ta kìjí, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Ó ní àléébù kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: bí àmì méjì bá jìnnà síra ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, tí ìkẹta sì súnmọ́ ìkejì pẹ́kípẹ́kí, ìlà á ré kọjá àmì kó tó padà wá, kámẹ́rà á wọ inú ògiri. Ẹ jẹ́ kí ìṣírò mọ iye àkókò tó wà láàárín àmì, kí ẹ sì fún òǹlò ní bọ́tìnì mẹ́ta lórí àmì kọ̀ọ̀kan: lọ gbọọrọ, tẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, dúró síbẹ̀ títí àmì tó kàn. Ẹ ya ìlà náà sójú pápá, kí ó rí ọ̀nà tí kámẹ́rà máa gbà kó tó tẹ fídíò.

Bí kámẹ́rà ṣe kọjú tún ní wàhálà tirẹ̀. Ká ní ó kọjú sí igun 350 ní àmì kìíní, ó kọjú sí 10 ní àmì kejì. Ogún péré ni ìyàtọ̀ wọn lójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìṣírò tó ń lọ láti 350 sí 10 á sọ̀kalẹ̀ gba 300, 200, 100, kámẹ́rà á yí gbogbo ayé ká kó tó débẹ̀. Ẹni tó rí i á rò pé géèmù ti ya wèrè. Ẹ lo quaternion, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́rin tó dúró fún ìkọjúsí kan, kí ẹ sì fi slerp, ọ̀nà tí Ken Shoemake gbé jáde ní 1985, rìn láàárín wọn. Ẹ má gbàgbé pé quaternion kan àti òdì rẹ̀ dúró fún ìkọjúsí kan náà. Bí ìsọdipúpọ̀ dot àwọn méjèèjì (ẹ sọ nọ́ńbà wọn di púpọ̀ ní méjì-méjì, kí ẹ ro wọ́n pọ̀) bá jẹ́ òdì, ẹ sọ gbogbo nọ́ńbà ọ̀kan nínú wọn di òdì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó tún máa gba ọ̀nà jíjìn.

Òǹlò gbọ́dọ̀ lè yan ohun tí kámẹ́rà so mọ́ àti ohun tó ń wò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó so mọ́ ilẹ̀ kó máa wo ọkọ̀. Kó so mọ́ ọkọ̀ tiwa kó máa wo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn. Tó bá so mọ́ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó yan bóyá ó máa yí pẹ̀lú ọkọ̀ tàbí ó kàn máa bá a lọ láì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Irinṣẹ́ tó so gbogbo èyí pọ̀ sábẹ́ bọ́tìnì kan ń fi ọgbọ́n òǹlò ṣòfò.

Ẹ gbọ́, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Kámẹ́rà tó bá tẹ̀ lé ọkọ̀ láì tàsé rárá máa ń sọ ọkọ̀ di ohun tó dúró sójú kan. Ọkọ̀ wà láàárín àwòrán gẹ́lẹ́, ilẹ̀ nìkan ló ń kọjá, eré náà sì kú. Ènìyàn tó di kámẹ́rà mú létí ọ̀nà kì í rí bẹ́ẹ̀: ojú rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, á sáré bá a, á ré e kọjá díẹ̀. Ẹ fi ìpẹ́lẹ́yìn sí i, láti ìdá mẹ́wàá sí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tún di alààyè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣíṣe-lé ṣe é, níbi tí fírémù kọ̀ọ̀kan ti ń lé èyí tó ṣáájú, torí nígbà tí òǹlò bá fo láti ibì kan sí ibòmíràn lórí ìlà àkókò, kámẹ́rà kò ní wà níbi tó yẹ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àtúnwò ibi tí ọkọ̀ wà ní ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn, ẹ kọjú kámẹ́rà síbẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni ẹ máa gbà, ibi yòówù kí ẹ ti wá.

Lẹ́ńsì: ẹni tó ti ya fọ́tò rí mọ mìlímítà, kò mọ igun. Lórí fíìmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 36, lẹ́ńsì 24 ń rí nǹkan bí igun 74, 50 ń rí 40, 200 ń rí 10. Ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀. Lẹ́ńsì 200 láti ìdí kọ́nà, tí ọkọ̀ ń bọ̀ tààrà, ni àwòrán eré ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn jù láyé. Òun náà ló ń tú àṣírí géèmù. Géèmù máa ń fi ọkọ̀ tí a gé igun rẹ̀ dínkù rọ́pò ọkọ̀ gidi tó bá ti jìnnà, ìjìnnà nìkan ló sì ń wò. Lẹ́ńsì gígùn wá gbé ọkọ̀ onígun-igun náà kún ojú àwòrán. Ẹ jẹ́ kó máa wo iye píksẹ́lì tí ọkọ̀ gbà lójú àwòrán dípò iye mítà tó jìnnà. Kí òjìji náà tẹ̀ lé òfin kan náà.

Ìgbésẹ̀ 4: Èéfín àti ìró

Èéfín kì í rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Fírémù kọ̀ọ̀kan ló ń bí i láti ara èyí tó ṣáájú, nítorí náà tí òǹlò bá fo sí àárín eré, kò sí èéfín, kò sí eruku, kò sí ojú táyà lórí ọ̀dà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gegele mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ padà sẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún, iye tí èéfín yín ń pẹ́ kó tó pòórá, kó sáré ṣe é láì fi han ẹnikẹ́ni, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Àwọn nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ tí èéfín ń lò, ẹ mú wọn jáde láti ara aago eré àti nọ́ńbà ọkọ̀, kí èéfín kan náà lè yọ ní gbogbo ìgbà. Ojú táyà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àtúnwò ṣí, kí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó fara pa mọ́.

Ní ti ìró, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá kámẹ́rà ní 200 km/h, ìró rẹ̀ máa ga ní nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá kọjá tán á lọ sílẹ̀ ní ìdá 14. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni etí fi ń mọ eré, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Géèmù ń ṣírò rẹ̀ láti ara ìyára ọkọ̀ àti ìyára kámẹ́rà, wàhálà sì dé nígbà tí fídíò bá gé láti kámẹ́rà kan sí òmíràn tó wà ní 300 mítà. Lójú ìṣírò, kámẹ́rà rin 300 mítà láàárín ìdá 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn jẹ́ 18,000 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ìró fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 343 lọ. Ibi tí igbe gooro yẹn ti wá nìyẹn. Nígbàkígbà tí kámẹ́rà bá gé, ẹ dá ìyára rẹ̀ padà sí ti kámẹ́rà tuntun fún fírémù náà. Ní ibi kan náà, ẹ pa ìrántí àwòrán rẹ́ fún TAA (ọ̀nà tí géèmù fi ń mú etí àwòrán dán) àti irú rẹ̀, tó ń fi fírémù àná tún tòní ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkú àwòrán kámẹ́rà àtijọ́ á máa hàn fìrìfìrì lójú èyí tuntun.

Ìgbésẹ̀ 5: Títẹ̀ ẹ́ jáde

Kámẹ́rà gidi máa ń ṣí ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ohun tó bá kọjá nígbà náà á fà nínú àwòrán. Lórí fírémù 60, ẹ ṣí i fún ìdá 120 ìṣẹ́jú àáyá. Ọkọ̀ tó ń sá 200 á rìn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 46 láàárín rẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ ya àwòrán kéékèèké 16 láàárín àkókò yẹn kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Ó ń gba àkókò ìlọ́po 16, àmọ́ òun ló ń wo táyà tó dà bí ẹni ń yí padà sẹ́yìn sàn, èyí tí motion blur (ìfàgùn àwòrán ohun tó ń sáré) inú géèmù kì í sábà rí ṣe. Ẹ yọ ọ́ kúrò nígbà ìyẹ̀wò, ẹ fi sí i nígbà ìtẹ̀jáde.

Fírémù 1920 × 1080 láì fún un pọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù báìtì 6.2. Ní fírémù 60, ìṣẹ́jú kan á gba nǹkan bí gígábáìtì 22, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àyè ìyẹn. Ẹ fún òǹlò ní ọ̀nà méjì: fáìlì fídíò H.264 kan, tí a ti fún pọ̀, tó dára tó láti gbé jáde lójú ẹsẹ̀, tàbí àwòrán PNG tí a fi nọ́ńbà tò pẹ̀lú ìró WAV lọ́tọ̀. Ọ̀nà kejì ń gba ẹni tí iná lè kú mọ́ lórí: tó bá dúró ní fírémù 2,000, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti 2,001. Ìró náà, ẹ má gbà á sílẹ̀ láti inú spíkà. Ní ìwọ̀n ìró 48,000 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fírémù kọ̀ọ̀kan gba 800 gẹ́lẹ́, ẹ ṣe 800 ẹ dúró, ìró àti àwòrán kò ní yapa láé.

Ẹ fi àwòrán gígùn ti fóònù, 1080 × 1920, síbẹ̀ pẹ̀lú ààlà tí ń fi han òǹlò ohun tó máa gé kúrò. Kí àwọn nọ́ńbà àti àtẹ tó wà lójú géèmù parẹ́ pẹ̀lú bọ́tìnì kan.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dáàbò bo iṣẹ́ òǹlò

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ́tìnì ìdápadà gbọ́dọ̀ wà, kó sì padà sẹ́yìn tó bó ṣe wu òǹlò. Kí irinṣẹ́ máa pa iṣẹ́ mọ́ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì sínú fáìlì mìíràn. Kí fáìlì kọ ẹ̀dà géèmù tí wọ́n fi ṣe é sínú ara rẹ̀, kí fídíò tí ènìyàn ti ń tò láti oṣù kan lè ṣí lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe àfikún tuntun. Kí kámẹ́rà ṣeé dà kọ láti iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹni tó bá ti pàdánù iṣẹ́ alẹ́ kan rí mọ ìdí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán an wò

Ẹ mú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá eré tó ní gegele, èéfín, gígé kámẹ́rà méjì àti ibi tí àkókò ti lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ pa géèmù, ẹ tún un ṣí, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde láti fírémù 300. Lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ gbé fírémù 450 ti àkọ́kọ́ lé ti èkejì, ẹ yọ ọ̀kan nínú ìkejì. Bí àwòrán tó ṣẹ́ kù bá dúdú pátá, aago yín ti pínyà. Bí èéfín bá hàn níbẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 4. Bí àsíá bá hàn, ìgbésẹ̀ 2. Bí gbogbo ilẹ̀ bá sún díẹ̀, ìpẹ́lẹ́yìn kámẹ́rà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára, tí kò sì ṣe fídíò rí. Ẹ ní kó mú eré tó wù ú jù lọ nínú èyí tó ti sá, kó ṣe fídíò ìṣẹ́jú àáyá ogún. Ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ má nawọ́ sí bọ́tìnì kankan, ẹ kàn máa kọ gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró sílẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀la ti máa bẹ̀rẹ̀.